Ẹni Tó Di Kúbùsù Mú Lẹ́nu Ihò

Òkè Warrabeen, Victoria
5 Nòfẹ́ńbà, 1961

Una ọmọ mi,

Ara rẹ ti rí? Òtútù Aberdeen ńkọ́, ṣé kò tíì gé ọ létí jẹ? Èmi le koko. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, mo sì ṣì ń gun òkè lọ síbi tí wọ́n ti ń gé igi kí àwọn ọ̀dọ́ tó wọ bàtà wọn tán.

Lẹ́tà rẹ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Má dá ọkọ̀ òfurufú lẹ́bi, ìwọ lo pẹ́ kọ ọ́. Mo wo déètì tó wà lókè rẹ̀. Kíláàsì kejì ni mo dé nílé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wa ní déètì kí n tó kúrò níbẹ̀.

O ní àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ kò gbà pé iná ìgbẹ́ lè fo odò. Sọ fún wọn pé odò kéré sí i. Bàbá bàbá mi wà láyé nígbà iná ti 1851, tí màjàlà ń bọ́ sórí ọkọ̀ ojú omi láàárín òkun, tí àwọn atukọ̀ ń fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù. Bàbá mi rí ti 1898. Èmi rí ti 1926, mo rí ti 1932, mo sì wà nínú ti 1939 pẹ̀lú ìwọ fúnra rẹ. Àwọn ẹlòmíràn ń fi ọba ka ọdún, àwa lórí òkè yìí, iná la fi ń kà á. Bí a bá bi èèyàn léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó tó kó sọ pé, "Iná 1926 bá mi lẹ́nu ọmú."

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n rò pé iná nìkan ló tó sọ. Sọ ti àwọn èèyàn fún wọn. Lẹ́yìn ti 1926, àwọn Dunstan aládùúgbò wa padà wá nígbà tí eérú ṣì ń jó bàtà, wọ́n tẹ́ páànù jíjó títí ó fi tọ́, wọ́n fi bo ilé tuntun lórí. Ìyàwó Dunstan gbin ọ̀dùnkún sínú eérú náà kí ilé tó ní ilẹ̀kùn. Ọ̀dùnkún ọdún yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ la bí ọ sí.

Ìwọ náà mọ ihò ààbò mi. Ní 1934, èmi nìkan ni mo ronú kàn án lórí òkè yìí. Mo gbẹ́ ẹ wọ ẹ̀gbẹ́ òkè, mo fi ìtì igi gbé e dúró, mo da erùpẹ̀ lé e lórí. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní, "Quilty ń gbẹ́ sàréè ara rẹ̀." Ní ọjọ́ Jimọ̀ kẹtàlá oṣù Jánúárì 1939, àwọn tó rẹ́rìn-ín náà ló kọ́kọ́ sáré wọlé. Èèyàn mẹ́tàlélógún la wọlé, mẹ́tàlélógún la jáde. Ta ló di kúbùsù tútù mú lẹ́nu ihò títí iná fi kọjá? Ìwé ẹ̀yẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ fún mi wà lára ògiri. Kí wọ́n wá kà á.

Òjò kò rọ̀ láti oṣù Ògọ́ọ̀sì. Garrity, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba fi ṣọ́ igbó, wá wo ihò náà. Lóòótọ́ a ti ń lò ó fún ohun púpọ̀, nítorí ó tutù. Jáàmù wà níbẹ̀, ọ̀dùnkún, ọtí bíà mi, àti agolo kẹrosíìnì mẹ́fà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí mo ń gbẹ́ ihò yìí, níbo lo wà?" Ó ní, "Wọn ò tíì bí mi dáadáa, sà. Ṣùgbọ́n iná tó bá kan kẹrosíìnì ò ní bèèrè ọjọ́ orí mi." Ẹnu rẹ̀ mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, mi ò jẹ́ kó mọ̀.

Ida Pascoe kí ọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ sọ́míìlì mi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n sọ fún ọ pé adìyẹ rẹ̀ gbọ́n ju èmi lọ. Fi ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ránṣẹ́ sí mi, kó nípọn. Kó o sì kọ lẹ́tà lásìkò.

Bàbá rẹ,
Ambrose Quilty


Aberdeen
20 Nòfẹ́ńbà, 1961

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló gbà mí lọ́kàn. Ìbọ̀sẹ̀ ti wà lọ́nà, ẹsẹ̀ méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, ẹ fún Ìyá Ida ní ọ̀kan.

Bàbá, mo ń bẹ̀ yín, ẹ kó kẹrosíìnì náà jáde lónìí. Garrity tọ̀nà. Ẹ wò ó, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní sọ́míìlì báyìí. Ìdajì wọn ti ilẹ̀ Latvia wá, yìnyín ni wọ́n mọ̀. Valdis àti Mirdza ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ sí mi pé wọ́n ń bi yín bóyá ẹranko ló ń pa ariwo tí igi ń pa ní ọ̀sán. Bí iná bá dé, wọ́n á sá wọ ihò náà. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Orúnkún yín ò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ní láti kọ́ wọn.

Èyí ló mú mi bi yín ní ohun tí mo ti ń gbé kiri láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ náà. Ẹ ti dojú mi bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ sì ti fi àpò tútù bò mí. Gbogbo wa ló dojúbolẹ̀. Ó ṣókùnkùn, mi ò rí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń kà, láti ení títí dé ogójì, tí omi á sì dà ṣàà, tí á tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn obìnrin ni, Bàbá. Ohùn kan náà ló ń jí mi láràárọ̀ lọ síléèwé lẹ́yìn tí màmá kú.

Mi ò fẹ́ fi yín wọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ dákun, ẹ fún mi lésì.

Ọmọ yín,
Una


Òkè Warrabeen
2 Dìsẹ́ńbà, 1961

Una,

Mo ti kó kẹrosíìnì jáde. Kì í ṣe nítorí ìwọ tàbí Garrity, jáàmù ló ti ń gbòórùn rẹ̀.

Ohùn tí o ní o gbọ́, èéfín máa ń wọ ọmọdé létí. Èmi ni mo gbẹ́ ihò náà. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òfo, tí mo kọ́ sọ́míìlì, tí iná jó o, tí mo tún un kọ́. Má kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi mọ́. Ìwé tí mo rán ọ lọ kà kò ní kí o fi yẹ̀ mí wò.

A. Quilty


Aberdeen
13 Dìsẹ́ńbà, 1961

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ kó kẹrosíìnì jáde. Bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn yín, mo tọrọ àforíjì. Mi ò sì lè kó o padà sẹ́nu. Ẹ sọ fún mi pé ẹnì kan ti ń kọ́ Mirdza àti àwọn yòókù. Mi ò bèèrè ẹni náà mọ́.

Una


Aberdeen
27 Dìsẹ́ńbà, 1961

Bàbá,

Kérésìmesì kọjá, lẹ́tà yín ò dé. Ọdún méje tí mo ti kúrò nílé, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Rédíò ní ooru ti gba Victoria kan. Mo ń wo yìnyín lójú fèrèsé, ó sì ń jọ màjàlà lójú mi.

Ẹ máa bínú sí mi títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú tí ẹ ń bí sí mi jẹ àwọn tó wà lórí òkè níyà.

Una


Òkè Warrabeen
28 Dìsẹ́ńbà, 1961

Una ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, mo pa àgùntàn méjì bí mo ṣe máa ń ṣe, a tẹ́ tábìlì gígùn sábẹ́ igi. Ooru náà ń yọ́ bọ́tà kí ọ̀bẹ tó kàn án. Nígbà tí a jẹun débi pọ́dìn dídùn tí a fi ń kádìí oúnjẹ, Valdis dìde, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti sọ fún wa bí ẹ ṣe gba èèyàn mẹ́tàlélógún là. Ìyàwó mi ń bẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ẹ fi bí ẹ ṣe di kúbùsù náà mú hàn wá." Ó ti mú kúbùsù wá. Ó ti mú garawa omi.

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mirdza fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Mo gba kúbùsù náà, mo sì dúró.

Una, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń sọ ọ́, mi ò mọ apá tí wọ́n ń kì bọ omi ṣáájú. Mi ò mọ bóyá òkè ni wọ́n ń dì í mú tàbí ìsàlẹ̀. Mo wò ó pé bí mo bá ṣe é bó ṣe wù mí, wọ́n á gbà mí gbọ́, wọ́n á ṣe é bí mo ṣe ṣe é, wọ́n á sì kú síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ bi Ida."

Wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní lọ́jọ́ náà, nígbà tí iná dé orí wa, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì mi ń ké níta, ẹ́ńjìnnì tí mo fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ rà. Mo dìde láti lọ gbà á là. Mo ti gbá kúbùsù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ida fi páànù ìdín ẹran lù mí lórí, ó tì mí ṣubú, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà títí iná fi kọjá, òun ni. Èmi ń sunkún sínú ẹrẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Àpá tó wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí gbogbo yín rò pé iná ààrò ni, ibẹ̀ ló ti rí i.

Lẹ́yìn iná náà ni àwọn oníwèé ìròyìn dé, wọ́n bèèrè ọ̀gá. Ida fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bí àwọn ọkùnrin yìí bá gbọ́ pé ọ̀gá wọn sunkún nítorí irin, ta ni yóò padà wá bá ọ ṣiṣẹ́? Sọ pé ìwọ ni, kí sọ́míìlì lè dìde." Ó yá mi ní ìtàn náà kí n fi la ọdún yẹn já. Èmi ni mi ò dá a padà.

Mo sọ ọ́ tán. Mo rò pé mo ti parí lórí òkè yìí. Ida nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ambrose, jókòó, eṣinṣin ti ń bà lé pọ́dìn rẹ." Ó dìde, ó káṣọ sókè. "Ta ló ní apá líle níhìn-ín? Valdis, bọ́ síbí. Ta ló ní kí o mú u bẹ́ẹ̀? Ṣé aṣọ ìyàwó lo ń sá ni?"

Ṣé o rí i, Una, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ omi ṣáájú, nítorí ilẹ̀ ni èéfín ti ń wọlé. Èèyàn méjì ló ń dì í mú, ẹnì kẹta ń dà á lómi. Bí a bá ka ogójì, àwọn méjì mìíràn á gbà á, nítorí kò sí ọwọ́ tó lè fara da ooru náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ida nìkan ló dì í mú ní 1939, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́, ẹ má jáde: igi tó jó nídìí ń dúró de orí tó máa wó lé. Ẹ ka ẹgbẹ̀rún kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ báyìí, ọkùnrin, obìnrin, lẹ́yìn iṣẹ́. Ida ń fi ọ̀pá na ẹni tó bá gbójú sókè.

Mo gbé ìwé ẹ̀yẹ náà lọ sí ilé rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tibi tọ̀hún, ó ní, "Gíláàsì rẹ̀ dára. Ihò kan wà lára ilé adìyẹ mi."

Etí rẹ gbọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fẹ́ fi èéfín dí i.

Bàbá rẹ


Aberdeen
8 Jánúárì, 1962

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí àga nínú wọ́ọ̀dù, aláìsàn kan bi mí bóyá ìròyìn òkú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní rárá, bàbá mi ni.

Kí ẹnì kan gba iná sọ́wọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Kí ẹnì kan dìde lójú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì, kí ó ní "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe," mi ò mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì. Ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí Ìyá Ida. Bí ó bá fẹ́ fi ọ̀pá nà yín, ẹ jẹ́ kó nà yín.

Ẹ máa kọ̀wé o. Kódà bó jẹ́ ìlà kan.

Una yín


TẸLIGÍRÁÀMÙ
Aberdeen, 16 Jánúárì, 1962

GBỌ́ PÉ WARRABEEN JÓ. Ẹ FÈSÌ. UNA


Aberdeen
19 Jánúárì, 1962

Bàbá,

Ọjọ́ kẹta rèé. Ilé tẹligíráàmù ní wáyà ti jó láti ìsàlẹ̀ òkè. Ìwé ìròyìn ibí kọ ìlà mẹ́rin péré nípa yín, bọ́ọ̀lù ló gba ìyókù ojú ewé. Mo ń kọ èyí láìmọ ẹni tó máa kà á. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń wẹ ọwọ́ aláìsàn kan, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń kà dé ogójì.

Una


Ilé ìwé ìlú ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kó wa sí
21 Jánúárì, 1962

Una ọmọ mi,

A wà láàyè. Gbogbo wa. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí o lè mí.

Ọjọ́ Ajé ni. Afẹ́fẹ́ àríwá ti ń fẹ́ láti òwúrọ̀, ó gbóná bí ẹnu ààrò. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, màjàlà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. A ní ká máa kó lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n igi ńlá kan ti wó dí ọ̀nà, ó sì ń jó. Ida fi òòlù lu ayùn àlòkù tí a gbé kọ́ ṣe agogo, kò lù ú lẹ́ẹ̀kejì kí gbogbo wọn tó dúró lẹ́nu ihò, pẹ̀lú kúbùsù, pẹ̀lú garawa, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn. Ó gbé adìyẹ kan sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Mo ní, "Ida, o ní a ò gbọdọ̀ gbé ẹrù wọlé." Ó ní, "Èyí kì í ṣe ẹrù. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Àwọn ará ìlú mẹ́rin tó kọ́lé sáàárín igi nítorí pé ó dára láti wò náà sáré dé. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ padà lọ gbé mọ́tò rẹ̀. Ida mú un létí, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, mọ́tò rẹ ò mọ orúkọ rẹ. Dojúbolẹ̀." Èèyàn márùndínlógójì la jẹ́ nínú ilẹ̀.

Mi ò lè kọ bí ariwo rẹ̀ ṣe rí. Ìwọ ti gbọ́ ọ rí. Èémí Ida kò gbé e mọ́ láti dúró, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ àwọn tó di kúbùsù mú, ó ń kà fún wọn. Valdis àti ọ̀gbẹ́ni onímọ́tò. Ogójì. Àwọn méjì mìíràn. Ogójì. Nígbà tí ohùn Ida há, Mirdza gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń kà á ní èdè ilẹ̀ wọn. Àwa tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kò gbọ́ èdè náà, gbogbo wa sì mọ ibi tó dé. Nígbà tí ìbẹ̀rù mú un, kò dúró. Ó kàn ń kà kíkankíkan. Una, mo ti rí ọkùnrin tó gbé ìtì igi lórí, mo ti rí ẹni tó fi àáké gé ọ̀nà gba inú òkè kọjá, mi ò tíì rí ohun tó dára tó obìnrin yẹn.

Láàárín rẹ̀, mo gbọ́ sọ́míìlì mi. Bọ́ílà ẹ́ńjìnnì bú gbàù, páànù ń fò, pákó tí mo tò láti ọdún tó kọjá ń jó bí ìwé. Orúnkún mi ti gbé mi dìde kí n tó mọ̀. Ida kò gbójú wò mí. Ó kàn sọ pé, "Ambrose." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń pe èèyàn wá jẹun.

Mo dùbúlẹ̀ padà.

A ka ẹgbẹ̀rún kan, a sì tún ka ẹgbẹ̀rún kan sí i nítorí Ida ò fọkàn tán ẹni tó ń kà. A jáde. Kò sí sọ́míìlì, kò sí ilé kankan, kò sí ewé kan lórí òkè. Onímọ́tò jókòó sílẹ̀, ó di ọwọ́ Ida mú, ó ń sunkún, Ida sì ń sọ fún un pé kó rọra, ó ń tẹ adìyẹ òun pa. Garrity gun òkè wá bá wa lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ dúdú bí èédú. Ó ka orí wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ fìlà fún Ida. Èmi náà ní kó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bọ̀ mí.

Àwọn Latvia ti ń bèèrè ìgbà tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sọ́míìlì tuntun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Mirdza ní ìyàwó Dunstan ò dúró de ilẹ̀ kó tutù, ta ló sọ fún un? Èmi kọ́.

Oníwèé ìròyìn kan wá sí ilé ìwé yìí lánàá, ó ń wá ọ̀gá tó gba èèyàn márùndínlógójì là. Mo ní, "Kì í ṣe ọ̀gá. Obìnrin tó wà lẹ́yìn ilé yẹn tó ń bọ́ adìyẹ ni. Pariwo, kò gbọ́ràn lápá ọ̀tún." Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá, kí lẹ ṣe?" Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, kó má ṣe àṣìṣe nínú orúkọ mi. Mo ní mo gbẹ́ ihò náà nígbà tí kò sí ẹni tó ronú kàn án. Mo sì ní, nígbà tí gbogbo ohun tí mo fi ogún ọdún kọ́ ń jó létí mi, obìnrin kan pè mí lórúkọ, mo sì padà dùbúlẹ̀. Ọkùnrin mélòó lórí òkè yìí ló lè ṣe é? Kó wá wọn lọ.

Èmi tó dojúbolẹ̀,
Bàbá rẹ, Ambrose Quilty